Ṣé Nónò Ń Fọ Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀? Ìtàn Tó Bẹ̀rẹ̀ Lọ́dọ̀ Àwọn Darandaran

  

Ọ̀rọ̀ tòní bẹ̀rẹ̀ ní Òrè, nínú ilé àǹtí mi.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Benin tàbí kọjá ibẹ̀ ti dé Òrè rí, kódà bí oorun bá ń kùn ún. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ máa ń dúró sí kí ẹ jẹun, kí ẹ tọ̀, kí ẹ na ẹsẹ̀ díẹ̀. Òun ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó. Ọ̀nà tó ti Oǹdó wá àti èyí tó lọ sí Òkìtìpupa pàdé ọ̀nà Èkó sí Benin níbẹ̀, ní ìdí afárá tí ìjọba Akérédolú kọ́. Àwọn àgbà kì í gbàgbé rẹ̀ nítorí ogun. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Biafra dé kí wọ́n tó dá wọn padà, ibẹ̀ la sì ti rí "ó le kú, ìjà Òrè" tí bàbá yín máa ń sọ bí nǹkan bá ti le jù. Mo ti ṣèlérí pé a ó ṣe odindi ètò kan lórí ogun yẹn. Kì í ṣe tòní.

Àǹtí mi ń ta oúnjẹ fún àwọn arìnrìn-àjò. Ìrẹsì, ẹ̀bà, ẹ̀wà, ẹran lóríṣiríṣi. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń ṣe é. Láti aago márùn-ún ìdájí, ó ti jókòó ti ìkòkò, ibẹ̀ náà ni yóò sì wà títí ọkọ̀ alẹ́ á fi kọjá. Àwọn ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló ń sáré, òun ló ń bù. Ẹ fi jíjókòó yẹn sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, dókítà ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Èsì jáde: cholesterol rẹ̀ jẹ́ 262, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń fẹ́ kó má kọjá 200. Èyí tí wọ́n ń pè ní LDL, irú tó máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan, jẹ́ 178. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Dókítà kọ oògùn kan tó ń jẹ́ atorvastatin fún un, ẹyọ kan lójúmọ́.

Nígbà tí mo lọ kí i, mo bá páálí oògùn náà lórí fíríìjì. Eruku ti bò ó.

"Àǹtí, ẹ ò lo oògùn yín mọ́ ni?"

"Ọkọ mi, mo ti fi í sílẹ̀. Nónò ni mò ń mu báyìí. Ó ń fọ ọ̀rá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀."

Ó ṣí fíríìjì, ó fi ike ńlá kan hàn mí. Lẹ́yìn náà ló tẹ ohùn kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp fún mi gbọ́. Ọkùnrin kan ni, kò dárúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dùn bíi ti àwọn tó ń polówó ọjà nínú ọkọ̀ akérò. Ó ní: ṣé ẹ ti rí Fúlàní tó ní àrùn ọkàn rí? Wàrà kíkan ni wọ́n ń mu láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn òyìnbó ti mọ̀, wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni. Bí ẹ bá mu ún tí inú yín bá ṣí, ẹ má bẹ̀rù, ọ̀rá ló ń jáde yẹn. Ẹ lọ wádìí.

Ẹ lọ wádìí. Ó dáa náà. Èmi kì í ṣe dókítà, ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, ètò bí irú èyí ni mo sì ń ṣe jẹun. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni kí n tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ dé ibi tó ti ṣẹ̀. Ohun tó sì dùn mí níbẹ̀ ni pé ọkùnrin yẹn kò parọ́ tán. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, òótọ́ ńlá pàápàá. Ibi tó gé e sí ni wàhálà wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń mu. Àwọn obìnrin Fúlàní á fún wàrà màlúù sínú igbá, wọ́n á fi í sílẹ̀ títí á fi kan. Bákitéríà ló ń ṣe iṣẹ́ náà: ó ń jẹ ṣúgà inú wàrà, ó ń sọ ọ́ di kíkan, wàrà á sì ki. Bí wọn ò bá yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀, kindirmo ni àwọn Hausa ń pè é. Bí wọ́n bá pò ó tí ọ̀rá rẹ̀ léfòó, tí wọ́n sì kó ọ̀rá yẹn kúrò, wọ́n á yọ́ ọ di man shanu, òróró màlúù tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù sínú igbá ni nónò. Òun ni wọ́n ń fọ́ fúrà sí, fúrà tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ọkà jéró ṣe. Nítorí náà, kí bákitéríà kankan tó fọ ohunkóhun nínú ara ẹnikẹ́ni, ọwọ́ obìnrin kan ti bu ọ̀rá púpọ̀ kúrò nínú nónò náà. Mi ò tíì gbọ́ ohùn WhatsApp tó dárúkọ obìnrin yẹn.

Àwa Yorùbá ńkọ́? Wàrà tí a mọ̀ jù ni èyí tí wọ́n fi omi ewé bọmubọmu mú dì, tí wọ́n ń dín tà ní Ìlọrin, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀yọ́. Wàrà mímu kò wọ́pọ̀ láàárín wa, ó sì ní ìdí tó wà nínú ìfun wa. Lọ́dún 1971, Olikoye Ransome-Kuti, tó jẹ́ dókítà àwọn ọmọdé ní Èkó nígbà yẹn, pẹ̀lú Norman Kretchmer láti Yunifásítì Stanford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Bẹ́ẹ̀ ni, Ransome-Kuti yẹn náà ni, ẹ̀gbọ́n Fela, tó wá di Mínísítà Ètò Ìlera lọ́dún 1985. Wọ́n fún àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà lóríṣiríṣi ní láktóòsì, ìyẹn ṣúgà inú wàrà, láti mọ ẹni tí inú rẹ̀ lè gbà á. Àwọn Fúlàní tó ń da màlúù, púpọ̀ nínú wọn gbà á. Àwọn Yorùbá àti Ígbò tó ti dàgbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni kò gbà á. Kì í ṣe àìsàn, bí a ṣe rí ni. Àwọn tí baba ńlá wọn ti ń mu wàrà láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni ara wọn mọ̀ ọ́n gbà títí dọjọ́ ogbó. Tiwa máa ń gbàgbé iṣẹ́ yẹn lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá já wa lẹ́nu ọmú.

Bí inú ò bá gba láktóòsì, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀? Inú á kún, afẹ́fẹ́ á máa yí nínú ikùn, lẹ́yìn náà inú á ṣí. Wíwàrà kan máa ń dín láktóòsì yẹn kù, ìdí nìyẹn tí nónò fi rọ wá lọ́rùn ju wàrà tútù lọ. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń mu odindi ike lójúmọ́ bí àǹtí mi ti ń ṣe, èyí tó kù náà á pọ̀. Mo bi í pé ṣé inú rẹ̀ ṣí. Ó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sùn. Ó ń yọ̀ pé ọ̀rá ń jáde! Ó sì tún lè jẹ́ ohun tó burú ju láktóòsì lọ, torí nónò tí wọn ò sè lè gbé kòkòrò àrùn wá láti ara màlúù tàbí láti inú omi tí wọ́n fi là á. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kì í gba ibẹ̀ ṣàn jáde bí omi.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká lọ wo ibi tí ọ̀rọ̀ cholesterol ti wọlé.

Kí ó tó di ti cholesterol, ẹ̀mí gígùn ni wọ́n ń wá nínú wàrà kíkan. Elie Metchnikoff, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Pasteur ní Paris, tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1908, ló ń sọ fáyé pé àwọn ará abúlé Bulgaria ń pẹ́ láyé torí yógọ́ọ̀tì tí wọ́n ń mu. Òun fúnra rẹ̀ ń mu ún lójoojúmọ́. Ó kú lẹ́ni ọdún 71. Yógọ́ọ̀tì tàn ká Yúróòpù, ó kọ́kọ́ jẹ́ bí oògùn, kó tó wá di ìpanu.

Ẹni tó so ó mọ́ cholesterol ni dókítà ará Amẹ́ríkà kan, George Mann, láti Yunifásítì Vanderbilt. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àríyànjiyàn gbóná ní Amẹ́ríkà. Ancel Keys àti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń sọ pé ọ̀rá ẹran àti ti wàrà ló ń gbé cholesterol sókè, àti pé cholesterol yẹn ló ń dí iṣan ọkàn. Mann kò gbà. Ó wá àwọn èèyàn tó jẹ́ pé ẹran àti wàrà ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn, ó sì rí wọn ní Tanganyika, tí a ń pè ní Tanzania báyìí. Àwọn Maasai ni. Lọ́dún 1964, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ròyìn ohun tí wọ́n rí lára 400 ọkùnrin Maasai. Cholesterol wọn kéré, ó kéré gidi. Àmì àrùn ọkàn sì ṣọ̀wọ́n láàárín wọn débi pé wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i.

Ẹ lè fojú inú wo bí inú Mann ṣe dùn tó. Àwọn tó ń mu wàrà bí omi nìyí, ọkàn wọn ń lù kìkì.

Ó padà lọ. Lọ́dún 1974, òun àti Anne Spoerry, obìnrin dókítà tó máa ń fúnra rẹ̀ wa bàálù kékeré láti abúlé dé abúlé ní Kenya, gbé àbájáde ìdánwò kan jáde nínú ìwé ìròyìn American Journal of Clinical Nutrition. Wọ́n kó ọkùnrin Maasai 24 jọ, wọ́n pín wọn sí méjì. Gbogbo wọn ló ń mu wàrà kíkan tó pọ̀ gan-an. Wọ́n fi kẹ́míkà kan sínú ti ìdajì wọn, torí Mann rò pé kẹ́míkà yẹn á mú kí cholesterol wọn gòkè. Kò gòkè. Cholesterol ìhà méjèèjì ló wálẹ̀, kódà bí àwọn kan nínú wọn ti ń sanra sí i. Mann wò ó títí, ó ní ó ní láti jẹ́ pé nǹkan kan wà nínú wàrà kíkan fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1977, ó tún kọ ìwé mìíràn nípa "nǹkan kan" yìí nínú yógọ́ọ̀tì. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti fò lọ, ó bọ́ sẹ́nu àwọn oníyógọ́ọ̀tì káàkiri ayé, kó tó wá balẹ̀ sórí fóònù àǹtí mi ní Òrè.

Ẹ dúró o. Ẹ̀yin náà ti rí i: kò sí ìhà kẹta tí kò mu wàrà rárá tí wọ́n ìbá fi díwọ̀n. Èèyàn 24 péré sì ni.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n pe àwọn ọ̀rẹ́ mi lóru ọjọ́ yẹn kọ́ nìyẹn. Ìwé kan wà láàárín méjèèjì, èyí tí Mann kọ lọ́dún 1972. Wọ́n ti kó ọkàn àti iṣan ńlá àwọn ọkùnrin Maasai 50 tó ti kú jọ, wọ́n là á wò. Àwọn iṣan náà kò mọ́ bí gbogbo ayé ṣe rò. Ọ̀rá ti lẹ̀ mọ́ ògiri wọn. Nípọn tí ògiri iṣan ọkàn wọn nípọn, ó bá ti àwọn arúgbó Amẹ́ríkà dọ́gba. Àmọ́ ihò iṣan wọn fẹ̀, ó ń fẹ̀ sí i bí wọ́n ti ń dàgbà, débi pé ẹ̀jẹ̀ ń ráyè kọjá láìfi ti ọ̀rá yẹn pè. Kí ni Mann fúnra rẹ̀ rò pé ó fa èyí? Kò pe wàrà. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé agbára ara ni, pé àwọn èèyàn yìí ń rìn láti àárọ̀ dalẹ́ lẹ́yìn màlúù, rírìn yẹn ló sì ń la iṣan wọn.

Ọkùnrin kan náà ló kọ wọ́n. Ti wàrà ló gbayì, ti ẹsẹ̀ wọ inú àpótí. Èmi mọ ìdí rẹ̀, torí iṣẹ́ ìpolówó ni mo fi bẹ̀rẹ̀: èèyàn lè rọ wàrà sínú ike kó tà á, kò sẹ́ni tó lè rọ ìrìn máìlì mẹ́wàá sínú ike.

Ní àwọn ọdún 1990, àwọn ará Denmark gbé yógọ́ọ̀tì kan jáde tí wọ́n pè ní Gaio. Bákitéríà tí wọ́n fi ṣe é ti Abkhazia wá, níbi òkè Caucasus, ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n máa ń sọ pé àwọn èèyàn ibẹ̀ kì í tètè kú. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ṣe ìdánwò rẹ̀ dáadáa. Ọkùnrin 58, gbogbo wọn jẹ́ ẹni ọdún 44. Àwọn kan ń mu 200 mílílítà Gaio lójúmọ́, àwọn yòókù ń mu wàrà tí wọ́n fi kẹ́míkà mú kan láìsí bákitéríà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, LDL àwọn tó mu Gaio ti fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀. Ọdún 1995 nìyẹn, ariwo sọ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n ṣe èyí tó gùn, oṣù mẹ́fà. Gaio tètè mú un wálẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù mẹ́fà fi pé, àwọn tí kò mu Gaio ti lé wọn bá. Kò sí ìyàtọ̀ mọ́. Nígbà tó di ọdún 2000, wọ́n kó gbogbo ìdánwò Gaio tó wà nílẹ̀ pọ̀, wọ́n ṣírò rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún fún àpapọ̀ cholesterol, àti ìdá márùn-ún fún LDL.

Bó ṣe lè ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Ẹ̀dọ̀ wa ló ń fi cholesterol ṣe òróòro tó ń bá wa da ọ̀rá inú oúnjẹ. Tí òróòro bá ti ṣiṣẹ́ tán, ara máa ń gbà á padà. Àwọn bákitéríà kan máa ń ba òróòro yẹn jẹ́ nínú ìfun kí ara má lè gbà á padà tán, ẹ̀dọ̀ á wá ní láti fa cholesterol mìíràn látinú ẹ̀jẹ̀ láti fi ṣe tuntun. Ó dára lórí ìwé. Nínú ara èèyàn, ìdá márùn-ún ni, bí a bá tilẹ̀ rí i.

Ó wá ku ti Fúlàní. Lọ́dún 2001, Robert Glew láti Yunifásítì New Mexico ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn Fúlàní darandaran ní apá àríwá Nàìjíríà níbí. Ọkùnrin 42, obìnrin 79, láti ẹni ọdún 35 sí 60. Wọ́n ka ohun tí wọ́n ń jẹ. Nǹkan bí ìdajì agbára tí wọ́n ń rí nínú oúnjẹ wọn jẹ́ láti ara ọ̀rá, ìdajì ọ̀rá yẹn sì jẹ́ irú tí dókítà máa ń ní kẹ́ ẹ yẹra fún. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn dára. Bí ẹ bá wo cholesterol wọn, ẹ ò ní bẹ̀rù àrùn ọkàn fún wọn.

Ẹ ti rí i pé ọkùnrin WhatsApp kò parọ́ tán? Ibi tó gé e sí rèé. Glew àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nítorí ohun méjì: àwọn èèyàn náà ń ṣiṣẹ́ ara púpọ̀, àpapọ̀ oúnjẹ tí wọ́n sì ń jẹ kéré. Wọ́n ń rìn jìnnà, wọ́n sì ń jẹ díẹ̀. Wọn ò sọ pé wàrà ló wò wọ́n sàn. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń ṣe ohùn WhatsApp yẹn, màá ní: ẹ ta fíríìjì, ẹ ra màlúù, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé e láti Òrè dé Odígbó, kẹ́ ẹ tún darí. Kò ní tàn kiri rárá.

Nónò tí àǹtí mi ń mu gan-an, mo bi í níbo ló ti ń rà á. Ó ní tẹ́lẹ̀, obìnrin Fúlàní kan máa ń gbé igbá wá, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí àwọn darandaran kúrò nínú igbó ọba, ní oṣù kìíní ọdún 2021, obìnrin yẹn kò wá mọ́. Ọdún yẹn náà ni ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe òfin tó fi òpin sí fífi màlúù jẹko kiri. Èyí tó ń rà báyìí, inú ike ló ń wà, ó sì ń fura pé wàrà oníyẹ̀fun wà nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ṣúgà sí i, ṣíbí mẹ́rin, torí ó kan jù. Àwọn tí wọ́n ń gbé yógọ́ọ̀tì lé orí sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ nísàlẹ̀ afárá ńkọ́? Ṣúgà pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn kan sì wà tí wọ́n ti fi iná pa bákitéríà inú wọn kó lè pẹ́ lórí àtẹ. Ẹ ka ara ike kẹ́ ẹ tó mu ún.

Bí mo ti ń wádìí ni mo kọsẹ̀ lára ìtàn oògùn tí eruku bò. Ẹ má rò pé mo ń polówó rẹ̀ o.

Ọmọ ilẹ̀ Japan kan, Akira Endo, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún 1971, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tó lè dá ẹ̀dọ̀ dúró láti má ṣe cholesterol mọ́. Ibi tó wá a sí ni èébu, irú èyí tó máa ń hù lórí oúnjẹ tó ti bàjẹ́. Ó gbin oríṣi tó lé ní 6,000, ó ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, fún nǹkan bí ọdún méjì. Lọ́dún 1973, ó rí i. Ara ìrẹsì ni èébu yẹn ti wá, ìrẹsì láti ìsọ̀ oníhóró kan ní ìlú Kyoto! Mo sọ èyí fún àǹtí mi, ó dá ṣíbí dúró nínú ìkòkò ìrẹsì, ó ní kí n tún un sọ. Lọ́dún 1987, èyí tó kọ́kọ́ dé ọjà, lovastatin, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà, láti ara èébu mìíràn lòun ti wá. Atorvastatin tó wà lórí fíríìjì jẹ́ àbúrò wọn, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ló pò ó nílé ìwádìí. Bí ẹ bá wá fẹ́ bá mi jà pé ohun ìbílẹ̀ tó wú ló dára jù, ìdílé oògùn náà pàápàá, inú ohun tó hu èébu ló ti jáde.

Lọ́dún 1994, wọ́n gbé àbájáde ìdánwò ńlá kan jáde láti Denmark, Sweden, Norway, Finland àti Iceland. Èèyàn 4,444, gbogbo wọn ló ti ní àrùn ọkàn tẹ́lẹ̀. Ìdajì lo simvastatin, ìdajì lo ẹyọ oògùn tí kò ní nǹkan nínú, fún ohun tó lé ní ọdún márùn-ún. Nínú àwọn tí kò lo oògùn gidi, 256 kú. Nínú àwọn tó lò ó, 182 kú. Ọkàn àǹtí mi kò tíì ṣàìsàn bíi tiwọn, mi ò sì ní sọ pé bákan náà ló máa rí fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo Denmark yẹn: ilẹ̀ kan náà tó ń ta Gaio nínú ike.

Mo mú ìwé, mo ṣe ìṣirò fún un lórí tábìlì tí àwọn oníbàárà ti ń jẹun. LDL yín, 178. Bí wàrà kíkan bá ṣe gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ní ó lè ṣe, tí kò sí ṣúgà nínú rẹ̀, tó sì jẹ́ irú bákitéríà tó tọ́, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún: ó kù 169. Oògùn yìí máa ń mú LDL ọ̀pọ̀ èèyàn wálẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ: ó lè kù bíi 115. Ó wo ìwé náà. Ó ní, "Kí ló dé tí dókítà kò kọ ọ́ báyìí fún mi?" Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ni dókítà fi bá òun sọ̀rọ̀, ó sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ ìwé, ó pe ẹlòmíràn. Ọkùnrin WhatsApp lo ìṣẹ́jú mọ́kànlá, Yorùbá ló sì sọ, ó pè é ní ìyá. Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yẹn fún ìgbà pípẹ́.

Ó bi mí pé ṣé kóun má mu nónò mọ́ nìyẹn. Mo ní ẹ máa mu ún bó bá dùn mọ́ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n sè é, ẹ dín ṣúgà kù, ẹ má mu odindi ike. Oúnjẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, ẹ sọ fún un pé ẹ ti fi oògùn sílẹ̀, ẹ má kàn bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó padà torí pé èmi sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní èmi gan-an ni màá tẹ̀ lé òun lọ, kí n máa túmọ̀. A lọ lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e. Dókítà mìíràn la bá níjokòó, obìnrin ọ̀dọ́ kan, ó sọ Yorùbá. Ó bi í pé wákàtí mélòó ló máa ń fi jókòó lójúmọ́. Àǹtí mi ka á lórí ìka, ó dé mẹ́rìnlá.

Ní báyìí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ló ń bu ìrẹsì. Àǹtí mi ló ń gbé àwo lọ bá àwọn oníbàárà nídìí ọkọ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń bú àwọn awakọ̀ tí wọ́n fẹ́ sáré kọjá. Páálí oògùn ti kúrò lórí fíríìjì, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó kàn wà ní oṣù tó ń bọ̀, ó sì ti ní kí n gbé gbohùngbohùn wá, kí ẹ lè gbọ́ èsì náà lẹ́nu òun fúnra rẹ̀.